Ajá Tó Sọnù Lórí Pátákó Ẹgbẹ́ Wa

Odò-Arégbé, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1991.

Mobọ́lájí ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé oúnjẹ ń dùn lẹ́nu rẹ, ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò ń kọ́ ní Yaba kò tíì fi ariwo fọ́ ọ lórí? Ọlọ́run tó ń mú ọ wọ bọ́ọ̀sì lọ kò ní gbàgbé láti mú ọ wọ̀ ọ́ bọ̀. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, ó sì ti padà sídìí ìjà tó ń bá ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò jà. Atẹ́gùn òjò ṣí òrùlé ilé ìdáná, mo wá páànù ògbólógbòó kan bò ó, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń jò báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti gbẹ, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí láàmú, ìwọ tó kàwé jù mí lọ ni mo fẹ́ kí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. O rántí pé nínú oṣù kẹta, mo lẹ ìkéde kan mọ́ pátákó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní họ́ọ̀lù Èbúté Mẹ́ta, pé mo ní ọmọbìnrin kan, olùkọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, oníwà tútù àfi tí wọ́n bá jí i lójú oorun, pé ọmọkùnrin dáadáa tó bá ń wá ìyàwó kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ ni ọmọ náà. N kò sọ fún ọ kí n tó lẹ̀ ẹ́ nítorí mo fẹ́ kó bá ọ lójijì bí ire ṣe ń báni. Nígbà tí o rí i, o kàn ní ẹ ṣé, Bàbá, o sì lọ bu omi mu. Mo gbà pé ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Mo tẹ̀lé gbogbo òfin. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ìkéde náà máa lò lórí pátákó, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé títí Ọlọ́run yóò fi dáhùn. Wọ́n béèrè nọ́ńbà tẹlifóònù, n kò ní tẹlifóònù, mo bá kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún mi nígbà tí mo wà níṣẹ́ rélùwéè, torí nọ́ńbà ni nọ́ńbà, wọn kò sì gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ọláṣùpọ̀ ní kí n ṣe fọ́tòkọ́pì àwòrán rẹ ní márùn-ún. Mo ní ẹyọ kan tó. Mo ti wo ẹ̀rọ náà dáadáa, iná tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ohun tó bá sì ń fúnni ní ẹ̀dà ojú ènìyàn, láti ibìkan ló ti ń bù ú. N kò fẹ́ kí ojú ọmọ mi ṣá kí ọkọ tó rí i.

Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kódà, kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló mú kí ara fu mí, nítorí ọmọ ìlú wa kì í rí ìkéde kó má bú ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ló fi tà á. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí mo bá wá sí ìpàdé, ìkéde mi wà níbẹ̀, àwòrán rẹ ń wò mí. Mo bi Ọláṣùpọ̀, ó ní Bàbá, ìwé yín kọ́ nìyẹn ni, àbí ojú ti ń ṣe yín? Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Mo rò pé Yorùbá mi ló jinlẹ̀ jù, mo tún un kọ. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè wá sí àárín. Mo yọ ọ̀rọ̀ ojú oorun yẹn kúrò. Ìyá rẹ ní kí n yọ orúkọ ara mi náà, torí àwọn tó mọ̀ mí lè máa bẹ̀rù pé ọmọ náà jọ mí nínú àròyé. Mo fi orúkọ mi sílẹ̀ síbẹ̀.

Edith, ọmọ ilé kejì wa tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ni mo wá rán. Mo ní kó gba họ́ọ̀lù kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kó wo pátákó. Nígbà tó wálé lọ́jọ́ Àìkú, ó ní Bàbá, ìkéde wo lẹ ń wí, ìkéde ajá tó sọnù lòun rí o. Mo kọ̀wé sí ọ pé mò ń bọ̀ ní Sátidé, mo sì wá, ìkéde mi wà níbẹ̀ gbangba. Mo padà wá bá Edith wí pé kó lọ ra awò ojú. Ó ní ha, Bàbá, ojú yìí lòun fi ń mọ áńkárá gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, ẹ má fi òun ṣẹ̀sín.

Gbogbo ìwé tó wà nílé ni mo yẹ̀ wò, títí kan ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹ̀pà, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ìwé lè wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ń rí i. Mo tilẹ̀ bi ara mi bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà wa ṣe ń rí, kó jẹ́ pé àwa nìkan là ń gbọ́ ọ. Má sọ èyí fún àlùfáà.

Ìyá rẹ ló là mí lọ́yẹ. Ó ní ta ló ń fọn fèrè kó tó lọ ṣọ́ olè, kí n lọ láìkéde. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, n kò kọ̀wé sí ọ, mo wọkọ̀, mo sọ̀ ní Ọ̀yìngbò, mo fẹsẹ̀ rìn dé họ́ọ̀lù. Mobọ́lájí, ìkéde mi kò sí níbẹ̀. Ìkéde ajá ni. Mo gbé etí rẹ̀ sókè, ojú rẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ìwé ẹlòmíràn, ìtanràn rẹ̀ ni kéréètì mínírà kan. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé a kò gbọdọ̀ bò ó. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ òfin. Ó sì mọ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, torí ọjọ́ náà gan-an ló máa ń ṣí i. Ta ló wá ń sọ fún un? Ìwọ nìkan ni mo máa ń kọ̀wé sí kí n tó wá. Jọ̀wọ́, máa ṣọ́ ẹni tó ń ka lẹ́tà rẹ.

Mo ka ìkéde náà. Ó ní ajá dúdú ni, ìrù rẹ̀ funfun, orúkọ rẹ̀ ni Ẹ-jẹ́-n-fara-balẹ̀. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí orúkọ ẹni tó ni ín. O rántí ajá wa nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo sọ ní Kí-ló-kàn-yín nítorí obìnrin òdìkejì tó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ wa? Bó bá ti ń kọjá ni mo máa ń ké pe ajá náà, ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, ohun tí a kò lè sọ síni lójú, a ó fi sọ ajá lórúkọ. Mo dúró, mo ń rò ó pé ajá tó ń jẹ́ Ẹ-jẹ́-n-fara-balẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa sáré sọnù. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìkọ̀wé náà. Gbogbo g ibẹ̀ ló ní ìrù tó ká bí ìwọ̀ ẹja. Mo kọ́ ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí lórí síléètì, olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ yí i padà, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè máa ká ìrù g.

Ọláṣùpọ̀ bá mi níbẹ̀, ojú rẹ̀ yí. Ó ní Bàbá, ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀ lónìí, ṣé kí òun bá yín ká a kúrò? Mo ní rárá. Mo ti rí i pé píìnì kan ṣoṣo ló di ìwé ajá náà mú, fáànù sì ń fẹ́ igun rẹ̀ sókè, ẹni tó bá kọjá lè máa rí ọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo jáde lọ ra píìnì, mo fi mẹ́rin kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó dúró digbí. Ọláṣùpọ̀ ní Bàbá, báwo wá ni wọ́n ṣe máa rí tiyín? Mo ní ẹni tó ni ajá ló mọ ìgbà tí yóò ká a. Mo gba iwájú ilé rẹ kọjá, n kò yà, torí n kò kọ̀wé pé mò ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Jẹ̀lílì awakọ̀ sí mi, ti ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, ti páànù ẹ̀gbẹ́ kejì, àti ti píìnì. Wọn kì í tà á ní mẹ́rin, odindi páálí ni mo rà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló kù, mo ti tọ́jú wọn de ìkéde tí ìwọ fúnra rẹ bá kọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kí ajá náà padà wálé ní àkókò tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi òkúta lé e. Bó bá mú ẹnìkan bọ̀, ìyá rẹ ní òun á se oúnjẹ. Bí kò bá mú ẹnìkan bọ̀, ó ní òun á se oúnjẹ náà ni. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéríbigbé.