Igun Pápá Tó Wà Lẹ́yìn Táǹkì

Ọmọ mi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé ìwòsàn ẹran tí o wà, àti pé ò ń rí oorun sùn dáadáa. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti ìbàdí kúrò. Ìyá rẹ wà lálàáfíà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí ìwé mi, nítorí láti ọdún mẹ́fà tí o ti kúrò nílé, ìyá rẹ nìkan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìròyìn àkọ́kọ́ nìyí, má sì rẹ́rìn-ín: mo ti padà sílé ìwé. Bàbá rẹ, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ń gbé ìwé àti bírò lọ sí kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́rú. Alápatà tó ń ra màlúù wa ló fà á. Ó ní àwọn oníbàárà òun ò fẹ́ ẹran mìíràn mọ́ àfi ti màlúù tí koríko nìkan bọ́ dàgbà, àti pé olùsìn màlúù yòówù tí kò bá gba ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ lórí rẹ̀, òun ò ní rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé koríko wa kì í pẹ́ tán, oúnjẹ ẹran inú àpò tí à ń rà la fi ń tì í lẹ́yìn. Ìbínú ni mo fi forúkọ sílẹ̀.

Yàrá tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran. Àga ibẹ̀ kéré. Bí mo bá jókòó, orúnkún mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Àwa mẹ́rìnlá ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti ń sin màlúù kí wọ́n tó bí olùkọ́. Obìnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi pa á, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ń pè yín náà wá forúkọ sílẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ló ń pè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni èmi àti olùkọ́ kọlu ara wa. Ó ní bí màlúù bá ti jẹ koríko dé ìdajì gíga rẹ̀, ká kó wọn lọ sí abala mìíràn, ká sì jẹ́ kí ibi tí wọ́n jẹ sinmi fún ọjọ́ tó pọ̀, kí gbòǹgbò lè gba agbára padà. Mo dìde. Mo ní bàbá mi kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ kó màlúù kúrò níbi tí nǹkan tútù bá ṣì kù. Ta ló ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú abọ́, tó wá ní òun ń lọ? Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fi ìgbéraga jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni mo sọ sí ọ lójú àwọn òṣìṣẹ́ wa, lọ́jọ́ tí o ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú wáyà àti òpó, tí o sì fi pààlà sí igun kékeré yẹn lẹ́yìn táǹkì omi. Mo pè ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Koríko. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà á bí orin, wọ́n ń fi pè ọ́ títí o fi di ẹrù rẹ. Ìdùnnú àtẹ́wọ́ náà kò bá mi délé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, olùkọ́ ní kí kálukú fi ṣọ́bìrì gé erùpẹ̀ wá ní odindi láti ibi méjì lórí pápá rẹ̀. Mo gé ti àkọ́kọ́ láàárín pápá ńlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ le débi pé ṣọ́bìrì ń ta padà, ìbàdí mi sì ní ó tó. Ni mo bá wá ibi tó rọ̀ lọ, ibi tó rọ̀ náà sì ni igun ẹ̀yìn táǹkì. Ọ̀lẹ ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n.

Olùkọ́ fi erùpẹ̀ méjèèjì sínú agolo tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀, ó da ife omi kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí, ó sì ń wo aago. Omi orí erùpẹ̀ pápá ńlá dúró gbọnin, ó ń wò wá, àwa náà ń wò ó. Ti ẹ̀yìn táǹkì, kí n tó ka mẹ́wàá, ó ti wọlé tán. Olùkọ́ gbóòórùn erùpẹ̀ náà, ó fi èkòló kan tó ń yí nínú rẹ̀ hàn wá. Ó ní, "Bàbá, ṣé oko kan náà ni méjèèjì ti wá? Ta ló tọ́jú èyí?" Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin ni." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá kọ́ wa." Mo bọ́ awò ojú mi, mo ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mò ń ronú pé ọdún mẹ́fà ti kọjá. Ta ló wá ń kó màlúù wọ ibẹ̀, ta ló sì ń kó wọn jáde? Mo bi ìyá rẹ. Ó kàn ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́: iye ọjọ́ ìjẹ, iye ọjọ́ ìsinmi, láti oṣù dé oṣù. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni ìyá rẹ ti ń tẹ̀ lé e, tó ń kó àwọn abo tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ síbẹ̀, tó sì ń kó wọn jáde lọ́jọ́ tó yẹ. Èmi rò pé ó ń lọ fún wọn lómi ni! Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ ò béèrè. Mo ní màá máa ṣe é títí ẹ ó fi béèrè." Mo jókòó sórí àpótí ilé ìdáná, mo sì sunkún.

Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Pé ọ̀rọ̀ wa ò ṣọ̀kan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tó yẹ kí wọ́n máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Mo ti pín pápá ńlá sọ́nà mẹ́jọ báyìí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó wọn kúrò lórí koríko tó ṣì bo kókósẹ̀ mi, ọwọ́ ń yún mi láti ti géètì náà padà. Abo dúdú tí o fi ìgò fún ní wàrà nígbà tó wà ní kékeré ló kọ́kọ́ kọjá, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, olùkọ́ àti gbogbo kíláàsì ń bọ̀ wá wo igun rẹ. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún wọn. Mo ní èmi kọ́ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò pàṣẹ fún ọ; mo mọ̀ pé o níṣẹ́, mo sì mọ̀ pé mo dá ọgbẹ́ sí ọ lọ́kàn. Bí o bá wá, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, èmi á gbé ṣọ́bìrì tẹ̀ lé ọ. Bí o kò bá wá, màá ka ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà sí wọn létí, màá sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ wa náà gbọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa yẹ ọ́, kí àwọn tí ò ń bá sọ̀rọ̀ sì tètè máa gbọ́ tìẹ ju bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Koríko.

Ohun tí mo gbàgbé: Ooru ìkòkò ti pa ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà rẹ́, iye ọjọ́ tí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ìyá rẹ ní ọdún méjì nìyí tí òun ti kàn ń fojú bù ú. A ti fi bírò sójú fèrèsé ilé ìdáná dè ọ́. Má sọ ọ́ fún wa lórí fóònù.