Bàbá, Mo Fọ́ Pèpéle Yídì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀yin tí ẹ kì í dá wa lóhùn bí a bá sọ òyìnbó nínú ilé, ẹ wò ó, Yorùbá ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ò tiẹ̀ lè kà á tán. Pijin ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ló gbé mi jókòó. Mo ti fọ́ pèpéle yídì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dà, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa sì ń retí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lónìí.

Ẹ mọ pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Achara Layout, nílẹ̀ Igbo níbí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀. Láti ìgbà tí ilé ti pọ̀ lápá òkè, gbogbo omi ibẹ̀ ló ń ya wá sọ́dọ̀ wa, bí òjò bá sì rọ̀, pápá á dúró bí adágún. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onílé wá sọ ọ́ gbangba pé bí pápá náà ò bá gbẹ lójò tọdún yìí, àwọn á gé e fún àwọn tó ń ta irin àti pákó ìkọ́lé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti hù síbẹ̀, ta ló máa hú u?

A gbẹ́ gọ́tà lọ́tùn-ún, a gbẹ́ lósì, omi ò lọ. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa lápálápá. Ìhà ìlà oòrùn ni ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni pèpéle kọnkéré yín dínà, èyí tí ẹ dà kí àwọn tó ń kírun yídì lórí pápá náà má baà forí kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló rí i, kò sẹ́ni tó lanu. Nígbà tí mo bi alága àwọn onílé, ọmọ Igbo tí ẹ jọ máa ń jẹ ọ̀kpá, mọ́ín-mọ́ín wọn yẹn, láàárọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Madam, na your papa work, and na una dey pray there,” ó ní. “Who go first carry hammer?”

Èmi ni mo gbé e. Mo gba lébìrà méjì, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ Igbo ló fọ́ ibi ìkírun àwa Yorùbá. Kọnkéré yín le, Bàbá. Inú mi dùn pé ó le, inú sì tún ń bí mi.

Nígbà tí a là á dé ìsàlẹ̀ la kan páìpù. Páìpù ńlá, tí ẹ tẹ́ láti inú pápá bọ́ sí gọ́tà ojú títì. Àṣé ẹ ti ro ti omi. Ṣùgbọ́n ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀, bí ẹ̀yin bíríkìlà ṣe máa ń ṣe kí kọnkéré má baà wọnú rẹ̀, àpò náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ ò yọ ọ́.

Mo wá rántí ọdún tí ẹ dà á. Ẹ rò pé ààwẹ̀ á pé ọgbọ̀n ọjọ́, pé ẹ ṣì ní ọjọ́ kan láti parí iṣẹ́. Oṣù lé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti da yanrìn sí etí pèpéle kó lè tẹ́jú, ó bo ẹnu páìpù, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kírun, gbogbo èèyàn ń yìn yín. Ṣé ẹ tiẹ̀ rántí àpò yẹn rí? Àbí ojú ló tì yín láti tún un tú? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá gbé ṣọ́bìrì lọ.

Mo ní kí àwọn lébìrà kó àfọ́kù páìpù náà dànù kí àwọn àgbà tó dé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá rọ̀, omi gba ojú ibi tí mo là, ó ń sáré lọ sí títì, èmi náà sì ń sunkún lábẹ́ agboòrùn.

Iléyá ti sún mọ́lé. Àwọn àgbà ti kó sìmẹ́ńtì jọ, wọ́n fẹ́ dí ibẹ̀ pa lọ́la. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ojú omi sílẹ̀. Àlàájì ọ̀rẹ́ yín, tó ń tún rédíò ṣe ní Thinkers Corner, ló dá mi lóhùn.

“Bàbá rẹ mọ iṣẹ́ jù ọ́ lọ,” ó ní. “Tó bá jẹ́ pé omi ń fẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, òun ì bá ti ṣe é. Bó ṣe dà á la ó ṣe dà á.”

Iṣẹ́ tó bá dára láàárín wọn, orúkọ yín ni wọ́n ṣì fi ń júwe rẹ̀. Àárò yín ń sọ mí, Bàbá, n kò sì ní ohun mìíràn tí mo jogún tó orúkọ yẹn.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Bí mo bá dákẹ́, wọn á dí omi pa, àwọn onílé á sì gba pápá mọ́ àwọn ọmọ mi lọ́wọ́. Nítorí náà, n ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, n ó sọ fún wọn pé Bàbá mi ṣe ojú omi, wọ́n sì gbàgbé láti ṣí i. Ẹ ò ní sí níbẹ̀ láti gbèjà ara yín. Ká ní ẹlòmíràn ló fẹ́ sọ ọ́, èmi ni ǹ bá gbèjà yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń lọ bá wọn.