Èèpo Ọ̀gànwó fún Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀, ní Kétu

Èmi ni dókítà tó dáńtọ́ jù ní gbogbo Kétu. Mo bó èèpo ọ̀gànwó, mo sè é, ìyá mi mu ún, ọgbẹ́ inú rẹ̀ sì jinná kí ife tó tutù.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú sí ìkòkò mi. Ó ní, "Dókítà oníṣòkòtò péńpé, ìdọ̀tí lò ń sè yẹn!"

Ìdọ̀tí kẹ̀? Ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn nìkan ni mo ti bó o, bí bàbá àgbà ṣe kọ́ mi, kí igi má baà kú. Mo ní, "Tàǹtí, ẹ gbé e lọ sí láàbù ilé ìwòsàn yín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná, kẹ́ ẹ tó bú u!"

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Ó ní kí èsì tó jáde, oògùn ilé ìwòsàn nìkan ni kí Ìyá máa lò ná. Mo gbà, àmọ́ n kò bẹ̀bẹ̀.

Irọ́ tó wà nínú ohun tí mo kọ sókè yẹn ni pé ọgbẹ́ inú Ìyá jinná. Ìyá ṣì ń di inú mú bí mo ṣe ń kọ èyí.