Ẹ Tú Ọ̀rá Lára Obì Yẹn

Ìyá mi, èmi Yúnúsà yín ni mò ń sọ̀rọ̀ láti Kánò. Ara mi le, ọjà ń tà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ mí níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọ̀rá lára apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn lónìí. Ẹ fi ewé wé e padà.

Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ yọ ewé. Mo rí i pé obì àwọn ọlọ́jà ńlá tó ń lo ọ̀rá níbí kì í bàjẹ́, ti àwọn tó ń lo ewé ń jẹrà. Mo ní ojú mi ti tó o. Nígbà tí mo fọ́nnu dé ọ̀dọ̀ Hájíà tí ìsọ̀ wa fara kanra, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Rẹ́mọ, àwọn yẹn máa ń ṣa èyí tó ní kòkòrò kúrò kí wọ́n tó dì í. Ṣé o tiẹ̀ pín obì kan náà sí méjì wò?"

Mi ò pín in. Mo wá da apẹ̀rẹ̀ kan pọ̀, mo dijú pín in: ìdajì sínú ewé, ìdajì sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti ewé ń dán, ti ọ̀rá ti bu. Ìyókù ọjà mi tó wà nínú ọ̀rá, ẹ má bèèrè.

Ojú ń tì mí, màmá.

Ẹ bá mi kí Hàmdálátù ìyàwó mi. Òun ló ní kẹ́ ẹ má yọ ewé, tí mo ní kí ló mọ̀ nínú obì, lójú gbogbo Sábó, nígbà tí mo wálé. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ kí i lójú wọn.