Ọjọ́ Tí Pápá Dákẹ́, Tí Bàbá Mi Fọhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi, mo fi kí yín. Mo kí Màmá, ẹni tí kò jẹ́ kí iná ilé wa kú. Mo kí Alájì Múfú àti gbogbo ilé rẹ̀. Mo kí àwọn ará ìjọ wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń béèrè ní Ẹdẹ pé ìgbà wo ni Fọláṣadé ń bọ̀. Ara mi yá. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tún dé, irú èyí tó máa ń wọ inú eegun ènìyàn bí ẹni ń wọ ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ṣe ń bá a gbé.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní àwọn oṣù yẹn ti parẹ́ lọ́kàn yín, bí ẹni tó sùn lọ nínú ọkọ̀ tí kò mọ ìlú tí wọ́n gbà kọjá. Ẹ ní Màmá ń sọ tirẹ̀, Alájì ń sọ tirẹ̀, ìtàn wọn kò sì bára mu, kí èmi tí mo rí ojú yín gbangba lórí fóònù wá sọ tèmi. Mo ní ṣé kí n sọ ọ́ létí yín nìkan ni. Ẹ ní rárá, kí n kọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á, bóyá ẹnì kan wà tí bàbá tirẹ̀ náà dákẹ́ sílé.

Kí àwọn tí kò mọ̀ yín lè mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: iṣẹ́ tíṣà lẹ ṣe títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n rẹfirí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ẹdẹ mọ̀ yín sí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, tàbí ìjọ bá fẹ́ bá ìjọ gbá, tàbí tí àwọn ọmọ àdúgbò Alajue bá fẹ́ kojú àwọn ọmọ ìlú Sekona, èyí tó máa ń fẹ́ di ìjà lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni ẹ máa ń wà láàárín pápá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé dúdú tí Màmá ti lọ̀ dáadáa. Ohùn yín la fi ń mọ̀ yín. Mo lè wà nídìí ààrò nílé kí n máa gbọ́ yín láti pápá, tí ẹ ń sọ fún ẹni tó fi ara rẹ̀ lulẹ̀ pé kó dìde, pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé eré sísá mọ́, ẹ sọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù Alájì Múfú di ilé yín kejì. Ẹ máa ń jókòó síwájú, ẹ ó sì máa bá rẹfirí inú tẹlifíṣọ̀n jiyàn títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Nígbà tí àrùn kòrónà wá dé, ìjọba ibí àti ti ọ̀dọ̀ yín ní kónílé-ó-gbélé. Ilé ìwòran tì. Bàálù kò fò mọ́. Níbi iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, a ń wọ ìbòmú títí okùn rẹ̀ fi bó wa lẹ́yìn etí. Àwọn ọmọ ń dúró síta nínú òtútù, wọ́n ń juwọ́ sí ìyá wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì. Èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ ìyá náà sún mọ́ fèrèsé. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá pè mí pé ẹ ṣubú ní balùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ ó fi ti ilé ìwòsàn dé, apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ohùn yín sì ti lọ.

Mo ń fọ ẹnu fún ìyá oníyàá, mo ń fún bàbá oníbàbá lóńjẹ, tèmi sì wà nílé tí n kò lè débẹ̀. Lójoojúmọ́ Màmá á gbé fóònù síwájú yín. Ẹ ó wò mí, ẹ ó lanu, kò sí ohun tí yóò jáde. Omi á lé sójú yín, ẹ ó sì kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan Màmá bẹ̀ mí pé kí n yé fi ojú hàn lórí fóònù, pé ó ń dùn yín jù. Ó ní dókítà sọ pé bí ohùn náà kò bá tètè padà, ó lè má padà mọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, òjò ń rọ̀ níta, n kò sì rí ẹnì kan ní gbogbo àdúgbò tí mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n sọ fún.

Ìyá arúgbó kan tí a ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló là mí lójú. Kò lè sọ pé òun fẹ́ mu omi, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dá orin tó ti mọ̀ láti kékeré, yóò kọ ọ́ dópin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá mi sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ ènìyàn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní ibòmíràn tó ń gbé, pé àìsàn lè kó yàrá kan kó má dé èkejì. Mo lọ rò ó. Orin kọ́ ni tiyín. Bọ́ọ̀lù ni.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, nínú pápá tí kò sí òǹwòran kankan. Mo pe Alájì Múfú láti bẹ̀ ẹ́. N kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tó fi dá mi dúró, ó ní ṣé wọ́n máa ń bẹ ọmọ kó tó tọ́jú bàbá rẹ̀ ni. Ó tú díìṣì kúrò lórí òrùlé ilé ìwòran, ó gbé dikódà sábíyá, ó fi ìbòmú bo imú, ó dé ilé wa. Ó fa wáyà wọlé fún Màmá láti ojú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ gbé àga sí ìta, ó ń ti ibẹ̀ wò, kó má baà kó àrùn ran yín.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá gbé fóònù ti ife lórí tábìlì, ó kọjú rẹ̀ sí yín. Èmi náà ṣí bọ́ọ̀lù kan náà sórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ wá wo ìyanu: pápá tí wọ́n ti ń gbá a kò jìnnà sí ilé mi. Láti fèrèsé mi ni mo ti ń rí àwọn iná gíga rẹ̀ lókè àwọn òrùlé. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹdẹ lẹ kọ́kọ́ ń rí ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Àwòrán tiyín ń gba ojú ọ̀run bọ́ sínú díìṣì, tèmi ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín. Bọ́ọ̀lù á ṣì wà láàárín pápá lọ́dọ̀ mi, ojú yín á ti yí padà. Nígbà tó yá, mo pa kọ̀ǹpútà tì. Ojú yín ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n inú yín kò dùn. Ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ń mi orí, ẹ ń na ọwọ́ òsì sí i. Màmá rò pé ebi ni, ó bu ògì wá, ẹ tì í. Ó rò pé ooru ni, ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ yín, ẹ tún nawọ́. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí mo ṣí fèrèsé mi. Bàbá, pápá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ fèrè rẹfirí, mo sì ń gbọ́ ẹyẹ. Ariwo tó ń jáde ní pálọ̀ yín, ti ọdún tó ti kọjá ni, tí wọ́n ká sínú ẹ̀rọ. Ẹnì kan ló jókòó síbìkan tó ń tẹ bọ́tìnnì: bí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ ilé góòlù, yóò tẹ èyí tó ń hó yèè. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọjọ́ ayé yín láàárín ariwo gidi, ẹ rí àga tó ṣófo, ẹ gbọ́ ohùn tí kò ní ẹnu, ọkàn yín kò sì gbà á.

Mo rí i lórí kọ̀ǹpútà mi pé èèyàn lè mú ariwo náà kúrò. Mo ní kí Màmá sọ fún Alájì. Alájì na rìmóòtù wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń yí i láti ìkànnì dé ìkànnì, títí ó fi bọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ti fi pápá náà sílẹ̀ bó ṣe rí.

Pálọ̀ dákẹ́. Mo rí i tí èjìká yín rọ̀ wálẹ̀. A wá ń gbọ́ ohun tí a kì í gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀: bàtà lórí koríko, aṣọ́lé tó ń jágbe mọ́ àwọn tirẹ̀, àti ohùn rẹfirí fúnra rẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, fèrè rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Àṣé ó ń sọ̀rọ̀ jálẹ̀ ni, bí tíṣà nínú kíláàsì! Ó ń ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, ó ń ní òun ti rí i, kí wọ́n máa gbá a lọ. Ẹ gbé ẹ̀yìn kúrò lára àga, ẹ tẹ̀ síwájú. Ètè yín bẹ̀rẹ̀ sí í mì tẹ̀lé tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ìsinmi dé, mo rí i tí ojú yín le. Ọwọ́ òsì yín gbéra lórí itan, ó gbá afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹ ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ẹnu yín là. Ẹ ní, “Dìde!”

Ó já gaara, pẹ̀lú ìbínú tíṣà nínú rẹ̀. Abọ́ ọwọ́ Màmá bọ́ sílẹ̀. Alájì ń ti ojú fèrèsé béèrè pé ta ló sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo wo kọ̀ǹpútà, tí mo rí agbábọ́ọ̀lù kan tó sáré wọ iwájú ilé góòlù, tó fi ara rẹ̀ lulẹ̀ tó ń yí gbiri, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá, ẹ ti ní kó dìde kó tó ṣubú lọ́dọ̀ mi.

Màmá wólẹ̀ síwájú yín, ó bẹ̀ yín pé kí ẹ tún un sọ. Ẹ tún un sọ. Títí dòní, Màmá kò gbà pé agbábọ́ọ̀lù yẹn lẹ ń bá wí. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, pé ẹnu yín ni Olúwa kàn yá lò. Alájì ní Ọlọ́run tóbi, Ọlọ́run tóbi, ó ti dé àárín pálọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé kò gbọdọ̀ wọlé. Èmi níbí, mo ń pariwo nínú yàrá èmi nìkan, títí ará ilé kejì fi kan ògiri.

Ohùn náà kò padà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ pápá ló kọ́kọ́ ń jáde. Bí Màmá bá bu ògì jù, ẹ ó ní “fáwù.” Bí ó bá tó àkókò láti yí yín lórí ibùsùn, ẹ ó ní “ó yá, yí ẹ̀gbẹ́.” Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń tì yín lẹ́yìn, ó ń so ọ̀rọ̀ kan mọ́ òmíràn fún yín. Títí di òwúrọ̀ tí Màmá ń gbálẹ̀ tí ẹ pè é ní orúkọ tí ẹ̀yin nìkan máa ń pè é, èyí tí n kò ní kọ síbí.

Ayé ti ṣí padà báyìí. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ mú mi lọ sínú pápá náà. Láti ọdún tí mo ti ń gbé nítòsí rẹ̀, n kò wọ ibẹ̀ rí. Bàbá, èrò yẹn bà mí lẹ́rù. Nígbà tí góòlù wọlé, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìyá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí fà mí mọ́ra. Mo fa fóònù yọ, mo pè yín kí ẹ lè rí i. Ojú yín yọ, ẹ ń sọ̀rọ̀. Ẹ ń sọ ọ́ lọ gbọọrọ, ọwọ́ yín méjèèjì ń bá a lọ, tọ̀tún náà. Ariwo èrò kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo tún gbé e kúrò. Níkẹyìn, mo kàn dúró láàárín àwọn ènìyàn náà, mo ń wo ẹnu yín bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé, omi ń dà lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi rò pé ẹgbẹ́ tó borí ni mò ń sunkún ayọ̀ fún.

N kò tíì béèrè ohun tí ẹ sọ níjọ́ náà lọ́wọ́ yín. Ó tó mi pé ẹ ń sọ ọ́.

Ọlọ́run tó dá ohùn yín padà kò ní gbà á mọ́. Ẹ̀yin àti Màmá ẹ ó jọ jẹun ọmọ pẹ́ nínú àlàáfíà, ojú wa yóò sì tún ríra láìsí gíláàsì tàbí fóònù láàárín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà, kí ẹ sì sọ fún Alájì pé àdúà rẹ̀ ń bá mi dé ibi iṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbọ́ yín,
Fọláṣadé.