Ẹṣin tí Kò Gba Ọwọ́ Ẹlòmíràn

                                                  Ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹṣin,
                                                  Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ tán.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kó sinmi níbi iṣẹ́, àbí wọ́n ṣì ń lò ó bí ẹni tó lẹ́mìí méjì? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ èmi lo ń béèrè, mo wà láàyè, mo ń jẹun, ẹnu mi ò sì tíì kú. Ìbàdí tí mo fi ṣèṣe nígbà tí mo ṣubú ti ń san. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, àmọ́ tí àlejò bá dé, màá gbé ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá sì dúró bí ọmọge.

Lẹ́tà ayọ̀ kọ́ nìyí o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún, torí tí mo bá sọ ọ́ nínú ilé yìí, wọ́n á ní mo ti darúgbó. Mo jókòó sídìí tábìlì ní yàrá ìdáná, mo tẹ́ ìwé síwájú, torí tí n kò bá wá nǹkan fi dí ọwọ́ mi, màá dìde, màá sì tẹ̀lé wọn. Ohun tí wọ́n sì ní kí n má ṣe gan-an nìyẹn.

O rántí Ìjọba, ẹṣin funfun tí ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń bí i. Bàálé mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn kó tó kú, ó ní ó ń jẹ tirẹ̀, ó ń jẹ ti ẹlòmíì, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgò wàrà ni mo fi tọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń ya irun gọ̀gọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ń ha ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ pátákò rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ fi ìjánu sí i lẹ́nu, màá gbé iwájú orí mi lé iwájú orí rẹ̀, màá mí sí i nímú, á sì la ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú wa máa ń dùn sí i. Tí àwọn àlejò bá dé, a ó ní kí wọ́n wá fọwọ́ pa á lórí, á yọ eyín sí wọn, wọ́n á fò sẹ́yìn, a ó sì rẹ́rìn-ín. Báyìí la ṣe tọ́ ọ, gbogbo wa, bí ẹni tó rò pé mi ò ní ṣubú láéláé.

Nígbà tí mo wá ṣubú, dókítà ní n kò gbọdọ̀ fa ẹṣin mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin wá gba olùtọ́jú kan, Gìrìpá ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti tọ́jú ẹṣin tó burú ju eléyìí lọ. Ìjọba fi ara tì í mọ́ ògiri títí apá rẹ̀ fi dún. Ọkùnrin náà gbé apá sínú aṣọ, ó lọ, kò sì padà wá mú bàtà rẹ̀. Ọmọ mi wá jókòó tì mí, ó ní tí Ìjọba kò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kí ọjọ́ ìfihàn ẹṣin, tí àwọn adájọ́ ti ń fi ẹṣin sípò, tó pé, òun á fà á lé àwọn tó ń fi pàṣán àti ebi kọ́ ẹṣin lọ́wọ́. O mọ̀ ọ́n, kì í pariwo. Tó bá ti rọra sọ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti dá sí i, ọmọ tí ọmọbìnrin mi fi sílẹ̀ lọ. Ó ní òun ni òun máa mú Ìjọba, òun náà ni òun á sì gùn ún níwájú àwọn adájọ́. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo fi àáké kọ́rí. Mo lọ já ìjánu kúrò lára ògiri, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì sùn lé e. Irin rẹ̀ gún mi lọ́rùn o, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ọmọ yìí kò bẹ̀ mí. Ó ní kí n máa tọ́jú ìjánu bọ̀, òun ò tíì nílò rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó wọ inú yàrá Ìjọba, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹṣin níbẹ̀. Nígbà tó yá, Ìjọba ń gbóòórùn èjìká rẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ń jẹ kóríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé yàrá mi ni mo ti ń wo gbogbo èyí, ẹ̀mí mi ò sì dọ́gba.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi okùn mú un yípo àgbàlá ni ohun tó ń lé oorun lójú mi ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹṣin náà gbójú sókè, ó rí mi lójú fèrèsé. Ó yán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ mi tààrà. Ọmọ yìí kò fi okùn sílẹ̀. Ó ṣubú, ẹṣin náà sì wọ́ ọ lórí òkúta láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ fèrèsé mi, èmi náà sì ń ké pé fi sílẹ̀, fi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ké ni ẹṣin ń yára sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé imú lé gíláàsì, ó ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni pé kò wọ́ nǹkan kan lẹ́yìn.

Ọmọ náà wọlé wá bá mi, àgbọ̀n rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ìgbúnwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe Ìjọba ló máa pa mí. Ẹ̀yin ni. Tó bá ti rí yín, tó bá ti gbóhùn yín, èmi ò sí níbẹ̀ mọ́ lójú tiẹ̀.”

Mo bi í pé ṣé èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn.

“Ẹ̀yin náà ni, mà.”

Àbúrò mi, mo bínú sí i. Àmọ́ mo wo àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, mo rí i pé ojú ọgbẹ́ yẹn ti fẹ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. Mo yọ ìjánu lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi rán ọmọ mi ọkùnrin sí i. Mo kó ẹrù mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri. Alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà irin fún àwọn ẹṣin wa wá fi aṣọ nínípọn bo fèrèsé yàrá tí mo wà tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo wọ àgbàlá yìí níyàwó, ẹ̀yìnkùlé ni mo wá ń gbà bí olè, kí ẹṣin má baà rí mi. Wọ́n tún ní kí n má gbóhùn sókè. O mọ ohùn mi.

N kò mọ̀ pé àìrí ló máa burú ju rírí lọ. Tí mo bá gbọ́ pátákò tó ń sáré, àyà mi á já. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, àyà mi á tún já. Màá dá alágbẹ̀dẹ dúró lẹ́yìnkùlé, màá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí.

“Ó ń lọ, Ìyá.”

“Ó ń lọ báwo?”

“Ó ń lọ bí ẹṣin.”

Irú èèyàn tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi nìyẹn.

Òní ni ọjọ́ ìfihàn. Láti ìdájí ni mo ti ń gbọ́ omi. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ rán ọmọ mi níṣẹ́: kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ Ìjọba, kí wọ́n fi aṣọ tútù lásán nu ojú àti ihò imú rẹ̀, kí ọṣẹ má débẹ̀. Kí wọ́n fi ìka tú ìrù rẹ̀ kí wọ́n tó fi òòyà sí i. Òróró pátákò, kí ó kẹ́yìn pátápátá, nígbà tó bá ti dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí iyẹ̀pẹ̀ má lẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n di gọ̀gọ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọmọ mi ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọmọ yẹn fi fi í ránṣẹ́ padà pé òun ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán kí n tó jí. Wọ́n ní kò tilẹ̀ di gọ̀gọ̀ náà wẹ́wẹ́, ó ká a ní kókó kókó. Mo ní ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀.

Ó wá kí mi kí wọ́n tó lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà gígùn rẹ̀ ń dán. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n dì í mú, kí n ní má lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé kọ́là rẹ̀ wọ́. Mo tún un ṣe, mo sì tún tún un ṣe. Ó mú ọwọ́ mi, ó dì í mú díẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an fún ọ. Pápá yẹn máa kún. Àwọn arúgbó obìnrin á wà níbẹ̀, wọ́n á wé gèlè, ohùn wọn á sì le bíi tèmi. Tí ọ̀kan nínú wọn bá pe ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, tí Ìjọba bá rò pé èmi ni, á tún já lọ bó ṣe já lọ lọ́jọ́sí. Orí rẹ̀ ni ọmọ wa á wà lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹṣin yòókù á sì wà lẹ́yìn wọn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí i lójú mi.

Ìyàwó káfíńtà òdìkejì ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá ni. Ó ní ọkọ òun pè láti pápá, pé ẹṣin kan gbé èèyàn ṣánlẹ̀, áńbúláǹsì ti wọlé. Mo ní ẹṣin wo. Kò mọ̀. Mo ní ṣé funfun ni. Ó ní òun ò béèrè. Mo ní kó pè é padà, ó ní owó ti tán lórí fóònù òun. Mo lé e jáde kó lọ wá ẹni tó máa yá a ní fóònù. Kò tíì dé. Má wo bí ìlà yìí ṣe wọ́. N kò lè kọ ọ́ mọ́.

Mo ti padà sídìí ìwé. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

Nígbà tí mo gbọ́ ọkọ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà, n kò rántí ọ̀pá, n kò rántí ẹ̀yìnkùlé, n kò rántí òfin kankan. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan, apá aṣọ rẹ̀ ti ya, ẹrẹ̀ bò ó. Mo ń wá ọmọ wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ojú mi.

“Ó wà nínú ọkọ̀, màmá. Kì í ṣe tiwa.”

Ẹṣin ẹlòmíràn ni. Ẹni tó gùn ún fi eegun èjìká ṣèṣe, ọmọ mi sì wà lára àwọn tó lé ẹṣin náà mú. Mo di òpó mú kí n má baà jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí mo dúró sí, ó ní, “Màmá, ẹ wọlé. Ẹ wọlé kíá.” Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ wa ti ń fa Ìjọba sọ̀ kalẹ̀, ẹṣin náà sì ti rí mi.

Ó dúró. Etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí mi. Okùn tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà le gbagidi, mo rí apá rẹ̀ tó nà tán, mo rí i tó fi gìgísẹ̀ walẹ̀. Gbogbo ara mi fẹ́ pe ẹṣin yẹn. Ẹnu mi ti fẹ́ là. Mo fi eyín di ètè mi mú, mo yí ojú sí ògiri, mo sì dúró bẹ́ẹ̀, n kò mí. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo gbọ́ tí ọmọ náà fi ahọ́n ta kọ́, bẹ́ẹ̀ nìkan. Mo gbọ́ pátákò lórí òkúta, ó ń lọ, kò bọ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ìrù rẹ̀ ni mo rí tó ń wọlé.

Wọ́n ní ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ojú ń dun àwọn adájọ́ yẹn. Wọ́n ní kókó tó ká sí gọ̀gọ̀ rẹ̀ wu gbogbo èèyàn. Ọmọ mi ti gbà pé Ìjọba kò níí kúrò nílé.

Àmọ́ mo rí okùn yẹn, àbúrò mi. Bó ṣe le lọ́wọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kí ẹṣin tún wọ́ ọ. N kò lè fi eyín di ètè lójoojúmọ́, o mọ irú ẹnu tí mo ní. Nítorí náà, ṣí yàrá tó wà lápá ọ̀tún ilé yín, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń bọ̀, màá sì wà lọ́dọ̀ rẹ títí ẹṣin yẹn á fi mọ ẹni tó ni òun.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún wọn pé n kì í jẹ oúnjẹ tútù. Tí ẹnikẹ́ni láti ilé yìí bá bi ọ́, ìwọ lo ránṣẹ́ pè mí, o ní àárò mi ń sọ ọ́, o sì bẹ̀ mí gidigidi. N kò fẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹnì kankan pé ẹṣin ló lé mi nílé.

Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbọ́ràn,

Ìyá Ìjọba.