Fóònù Tó Ń Ké Nítorí Moyọ̀sọ́rẹ

Emmanuel ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ọ̀yọ́, ìwọ àti ìyàwó rẹ? Ọlọ́run tó jí wa ní Ìkòyí-Ilé lónìí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín. Àgbàdo ti yọmọ, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, ara mi le, inú mi nìkan ni kò dùn.

Ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ ni, Ìyá Under G tí a fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ ń pè. Nígbà tí ọwọ́ Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í ju ara rẹ̀ káàkiri, tí àwo ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ̀mí ti bà lé ọmọ-ọmọ mi, mo sì ti ń rìn bí ìyá wòlíì. Ìyá Under G ló ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọ̀fun tó dun ọmọ náà lọ́jọ́sí tí a ò tọ́jú ló fà á, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ọwọ́ rọlẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó wá di pé ọ̀dọ̀ Ìyá Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí ọsibítù, ni kó máa gbé. Kí ló kù fún mi? Mò ń jowú, Emmanuel, n ò ní purọ́.

Pàápàá fóònù Ìyá Under G. Tí àsìkò oògùn bá tó, ó máa ń ké fúnra rẹ̀. Mo pe orúkọ ọmọ náà sí tèmi létí lẹ́ẹ̀mẹta, kò ké. Ṣé ìwọ lo ra èyí tó fẹ́ràn ọmọ fún un, tí o wá ra èyí tí kò mọ ẹbí fún mi?

Nígbà tí ọmọ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń bá mi bó ẹ̀gúsí, kò da ẹyọ kan nù. Mo ní ó ti yá nìyẹn, mo fi káàdì ọsibítù rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ Bíbélì kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ lè kọjá, kó lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní Màmá, oògùn ni ti ọwọ́, ti ọkàn ni abẹ́rẹ́, òní sì ni. Bí òun bá pa á jẹ, àìsàn náà lè padà wá ba ọkàn òun jẹ́. Ojú tì mí. Kíá la gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Under G ti wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù láti àárọ̀, ó ti gba nọ́ńbà de ọmọ. Mo ti múra ìjà. Kò bá mi wí, ó kàn sún fún mi kí n jókòó. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà níbi alágbàtọ́ nínú fọ́ọ̀mù, mo bá kọ tèmi gàdàgbà sórí rẹ̀, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ìjọba ló lọmọ. Nọ́ọ̀sì pariwo títí, àmọ́ bírò kò ṣeé pa rẹ́.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè máa débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, àti owó fóònù tó ń ké. Ọkàn Moyọ̀sọ́rẹ kò ní bàjẹ́, ojú rẹ yóò rí ọmọ rẹ̀, wàá sì gbé e jó. Tí o bá ra fóònù náà, sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí tèmi máa ké ṣáájú ti ìyá ìyàwó rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Rúùtù